Ẹ Bi Mí Nípa Ike: Abọ́ Àkàrà, Sóólù Bàtà àti Ohun Tí Kírísítà Jẹ́

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Alákàrà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, oníbàtà kan àti fọkanáísà kan ló kọ wọ́n, kò sì sí èyí tó mọ èkejì nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo rí i pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ìdílé sítáírìn, kẹ́míkà tí wọ́n ń so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n láti fi ṣe ike àti rọ́bà. Nítorí náà mo fi lẹ́tà táǹkì omi àti ti irun oníke sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, kí àwọn tó kọ wọ́n má bínú sí mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ewé yìí: ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà, kí n tó di olùkọ́ kẹ́mísìrì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fi ń dáhùn jù.

Ìyá alákàrà, Mókólá, Ìbàdàn:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe abọ́ take-away funfun yìí? Bí mo bá bu ògì gbígbóná sínú rẹ̀, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó àkàrà sínú rẹ̀ bó ṣe ń ti inú epo bọ̀, kíá ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jìn wọnú, nígbà míì á tiẹ̀ lu. Àwọn ọmọ mi ní ó ń yọ́ ni. Ṣé ó ń yọ́ lóòótọ́? Ṣé kò sì ní í wọ inú àkàrà tí àwọn èèyàn ń jẹ?

Màmá, ẹ ṣeun. Ojú yín mú gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí i tí wọn kò bi ara wọn pé èé ṣe tí ògì kò fi ṣe é ní nǹkan kan.

Kò yọ́, ó rọ̀ ni. Mo mọ̀ pé lẹ́nu wa nílé, bákan náà ni à ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ rántí àdí. Nígbà ọyẹ́, á dì gbagidi nínú ìgò. Bí ooru bá ti tó ìwọ̀n tirẹ̀, á yọ́, á sì di olómi. Ìdí ni pé nígbà tó dì, àwọn wóró tíntìntín inú rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà àárọ̀. Ìtò yẹn là ń pè ní kírísítà. Iyọ̀ ní in, ṣúgà ní in, yìnyín ní in. Bí ooru bá tú ìlà náà ká, ohun náà ti yọ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ọ̀dà ojú títì. Láàárọ̀ ó le koko. Lọ́sàn-án gangan, gìgísẹ̀ obìnrin á máa rì sínú rẹ̀. Ẹ kò lè tọ́ka sí ìgbà kan pàtó kí ẹ ní "ó yọ́ báyìí." Ńṣe ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tó fẹ́ tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni abọ́ funfun yín. Pọ́lísítáírìn ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn wóró sítáírìn tí wọ́n so di ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá tutù, àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn á dúró síbi tí wọ́n wà, ọ̀kan kò ní lè mira. Ipò gíláàsì ni àwa tó ń ṣe ike ń pe ìyẹn. Bí ó bá ti ń tó nǹkan bíi 100°C, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ohun tó le á wá di ohun tó ń tẹ̀.

Ògì yín, bó ti wù kó hó tó lórí iná, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi tó ń hó kì í sì í kọjá 100°C. Kí ẹ tó fi ìgbakọ bù ú dé inú abọ́, á ti wálẹ̀ sí 90 tàbí kó dín sí i. Epo àkàrà ńkọ́? Mo gbé tẹmómítà lọ sí ìdí agbada aládùúgbò mi rí, ó fi 176°C hàn mí. Epo tó lẹ̀ mọ́ ara àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ju 100 lọ dáadáa. Abọ́ náà fúnra rẹ̀ sì rèé, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: nínú ìpín 100, ó lé ní 90 tó jẹ́ afẹ́fẹ́, ike kàn ṣe ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká ni. Bí ògiri yẹn bá ti rọ̀, ilé á wó.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ẹ ṣe nǹkan kan kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ bó ọsàn, kí ẹ tẹ èèpo rẹ̀ kí oje inú èèpo náà ta sí abọ́ kan tí kò gbóná rárá. Ẹ dúró díẹ̀. Ibi tó ta sí á jìn wọnú. Òróró inú èèpo ọsàn ló wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n náà tó sì là wọ́n níjà láìsí iná. Òróró tí à ń fi dín nǹkan kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná, ó lè fa ìwọ̀nba sítáírìn tí kò di ẹ̀wọ̀n, tó ṣẹ́kù sínú ike láti ilé-iṣẹ́. Ní 2018, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sítáírìn sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó jọ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Sítáírìn gan-an ni wọ́n sọ o, wọn kò sọ pé abọ́ kan á pa ènìyàn, ohun tó ń jáde nínú abọ́ kan kò sì tó nǹkan. Àmọ́ ẹ̀yin ń tà á lójoojúmọ́, àwọn kan sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Màmá mi, ẹ jẹ́ kí àkàrà ro nínú ajọ̀ dáadáa kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì fi ewé tàbí bébà mímọ́ tí wọn kò tẹ nǹkan sí lára tẹ́ inú abọ́. Bí ẹ bá lè fi abọ́ funfun náà sílẹ̀ pátápátá, ó dára jù. Ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí gọ́tà tó ń dí.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́:

Ẹ káàsán, mà. Ọdún kejì ni mo wà. Olùkọ́ wa sọ pé pọ́lísítáírìn kì í ní kírísítà, pé kò ní ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́. Mo tún kà á níbòmíràn pé ó ń yọ́ ní 270°C. Èwo ni kí n kọ bí wọ́n bá béèrè nínú ìdánwò? Bí wọ́n bá sì da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn tó di kòpólímà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí kírísítà rẹ̀?

Àbúrò mi, olùkọ́ yín kò purọ́, ìwé tí o kà náà kò purọ́. Èmi gan-an wọ inú ìdàrúdàpọ̀ yìí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n lọ mú àpò "kírísítà" wá láti yàrá ìkẹ́rù. Mo bá àpò wóró pọ́lísítáírìn tó mọ́ gaara bí omi. Mo wọn ún, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí kírísítà kankan nínú rẹ̀! Àwọn oníṣòwò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé ó ń dán. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àìní kírísítà gan-an ló jẹ́ kó mọ́ gaara, torí bí kírísítà bá wà nínú ike, ó sábà máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ike náà á sì funfun bíi wàrà.

Jẹ́ ká sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òrùka pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òrùka oníkábọ́nù mẹ́fà ni. Bí o bá ń sín wọn láìwo ibi tí òrùka kọ sí, ọ̀kan á kọ sọ́tùn-ún, méjì á kọ sósì, ọ̀kan sọ́tùn-ún. Gbìyànjú kí o to irú okùn bẹ́ẹ̀ ogún jọ pẹlẹbẹ. Kò ní tò láéláé, torí òrùka yìí á máa gún tọ̀hún. Èyí ni pọ́lísítáírìn ọjà, èyí tí olùkọ́ yín ń sọ. Ó ń rọ̀ ní nǹkan bíi 100°C, kì í yọ́.

Ṣùgbọ́n bí o bá fara balẹ̀ sín in kí gbogbo òrùka kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, okùn náà á lọ́ra rẹ̀ bíi sípírínì, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ìyípo kan, á sì lè tò. Giulio Natta ní Italy ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé rí èyí ní 1955. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 240°C. Ìṣòro rẹ̀ ni ìlọ́ra: ó ń pẹ́ kó tó tò débi pé kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè dúró dè é. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní 1985, Nobuhide Ishihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Idemitsu ní Japan fi ohun amúyá (kẹ́míkà tó ń mú kí ìsopọ̀ yá) tó ní titanium nínú sín in lọ́nà mìíràn: òrùka kan ọ̀tún, òrùka kan òsì, láìṣìnà. Èyí ń tò kíákíá, ó sì ń yọ́ ní 270°C. Òun lo kà nípa rẹ̀. Sítáírìn kan náà ni gbogbo wọn o, bí wọ́n ṣe sín in ló yàtọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, kí o sì sọ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe yàtọ̀ síra.

Mo fẹ́ kí o mọ bí èyí ṣe rí lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní DSC ni, ó ń wọn ooru tí nǹkan ń gbà tàbí tó ń tú jáde bí a ti ń gbé e gbóná. Ìwọ̀n mìlígíráàmù márùn-ún, tí kò tó èékánná ọmọ-ọwọ́, lo máa kó sínú àwo alumíníọ̀mù tí kò ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀rọ á máa gbé ooru sókè, á máa ya ìlà. Fún pọ́lísítáírìn ọjà, ìlà á ṣe bí ìgbà tí èèyàn sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan ní 100°C, á sì tún máa lọ gbọọrọ. Ó parí. Fún ti Ishihara, bí o bá ti kọ́kọ́ yọ́ ọ tí o sì sọ ọ́ sínú omi yìnyín kíákíá, àtẹ̀gùn á wà ní 100, lẹ́yìn náà láàárín 140 sí 150 òkè kékeré kan á yọ: àwọn ẹ̀wọ̀n tó ti ráyè mira ló ń tò, wọ́n sì ń tú ooru jáde bí wọ́n ti ń tò. Ní 270, kòtò ńlá: ìlà tú ká. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí òkè yẹn, mo dúró lórí bébà náà títí tí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá nǹkan bàjẹ́.

Nǹkan bàjẹ́ lóòótọ́ lẹ́yìn náà. Oníbàárà kan gbé àpò kékeré irú ike yìí wá kí a bá òun fi ṣe orí wáyà iná fún ìdánwò. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ fi mọ́ọ̀dù (irin tí à ń da ike sínú rẹ̀ kó lè gba ìrísí) sí 60°C, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ike yòókù. Orí wáyà jáde, ó mọ́ gaara, gbogbo wa ń yọ̀. A gbé e sínú ààrò àyẹ̀wò ní 150°C. Nígbà tí a ṣí i, ó ti funfun, ó ti sún kì, ó sì ti wọ́ bí ẹ̀rún ewé gbígbẹ. Inú ààrò ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò! Mọ́ọ̀dù tó tutù kò fún un láyè láti tò nígbà tó yẹ. Ó yẹ kí mọ́ọ̀dù náà gbóná ju 140°C lọ. Èmi ni mo ní ìwé ìlà òkè yẹn nínú dúrọ́ọ̀ mi, n kò sì fi han àwọn ará ìdí ẹ̀rọ. Ó dùn mí títí dòní.

Nínú ti Ishihara yìí, oríṣi kírísítà márùn-ún ló wà, wọ́n ń fi lẹ́tà Gíríìkì pè wọ́n. Alpha àti beta, ẹ̀wọ̀n wọn nà tàntàn bí eyín ayùn. Gamma, delta àti epsilon, ẹ̀wọ̀n wọn lọ́ bíi sípírínì. Bí o bá rọra mú un tutù láti inú yíyọ́, beta lo máa rí jù. Bí o bá gbé èyí tó dì láìtò sórí iná, alpha ni. Bí o bá gbé gamma dé àyíká 190 sí 200°C, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á tú ìlọ́ra rẹ̀, á nà, á di alpha. Ike ṣì ni, kò tíì yọ́, ó kàn pààrọ̀ ìjókòó ni. Delta ló wù mí jù. Inú omi kẹ́míkà bíi benzene ló ti ń tò, wóró kẹ́míkà náà á sì jókòó sáàárín àwọn ẹ̀wọ̀n bí àlejò. Bí o bá rọra lé àlejò jáde, àga rẹ̀ á ṣófo, kírísítà kò sì ní wó. Àwọn onímọ̀ ní Salerno, ní Italy, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn àga òfìfo yìí, torí wọ́n lè fa kẹ́míkà tó kéré jọjọ kúrò nínú omi.

Ní ti kòpólímà: bí o bá sín ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì sáàárín, ìlà á dàrú níbi tó wà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ nínú p-methylstyrene sí i, kí ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́ lè wálẹ̀ láti 270°C, kó lè rọrùn láti dà láìjóná. Ó jọ sítáírìn débi pé díẹ̀ rẹ̀ kò ba kírísítà jẹ́ pátápátá. Bí o bá fi bútádáyìn, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà, tú u ká láìlétò, kírísítà parí. Ṣùgbọ́n bí o bá fi bútádáyìn sí i ní odindi apá kan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Wo èsì mi fún oníbàtà.

Oníbàtà, Mushin:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe bàtà. Oríṣi sóólù méjì là ń rà. Èkínní, àjẹkù rẹ̀ àti èyí tó bá bàjẹ́, à ń kó o fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́, wọ́n á tún un dà. Èkejì, bí ẹ bá fi iná sí i dọ̀la, kò ní yọ́, á kàn jó dúdú ni. Síbẹ̀ méjèèjì ń nà bíi rọ́bà. Kí ló yà wọ́n? Ohun mìíràn: bí oníbàárà bá gbàgbé bàtà sínú mọ́tò nínú oòrùn, sóólù á ṣí, àwa ni wọ́n á sì máa bú.

Bọ̀dá wa, èkejì yẹn, imí-ọjọ́ ni wọ́n fi sè é. Imí-ọjọ́ so àwọn ẹ̀wọ̀n rọ́bà pọ̀ títí láé. Mọ́ínmọ́ín tó ti jinná ni; kò sí bí ẹ ṣe lè dá a padà di ẹ̀wà lílọ̀.

Èkínní ni ìyanu. SBS lorúkọ rẹ̀, kòpólímà ni: ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, apá méjèèjì rẹ̀ jẹ́ sítáírìn, àárín rẹ̀ jẹ́ bútádáyìn. Bútádáyìn ló ń nà. Ó rọ̀ débi pé kò ní di gíláàsì àfi bí òtútù bá tó nǹkan bíi 90 sísàlẹ̀ òdo. Sítáírìn ní tirẹ̀ le koko títí di nǹkan bíi 100°C. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ra. Bí a bá da epo àti omi pọ̀, wọ́n á yà, epo á gba òkè lọ, omi á gba ìsàlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀ yà, torí okùn kan náà ló so wọ́n. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Orí sítáírìn láti ara ẹ̀wọ̀n yìí á wá orí sítáírìn láti ara ẹ̀wọ̀n tọ̀hún, wọ́n á kóra jọ di kókó líle, tí bútádáyìn á sì nà láti kókó kan dé èkejì. Kókó yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí imí-ọjọ́ ń ṣe nínú sóólù kejì. Àmọ́ kókó yìí ń rọ̀ bí iná bá kọjá 100°C, á sì ṣàn wọ mọ́ọ̀dù. Bó bá tutù, kókó tuntun á dì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ̀. Ilé-iṣẹ́ Shell ló kọ́kọ́ gbé e wá sọ́jà, ní 1965, wọ́n sọ ọ́ ní Kraton.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí nípa kókó yìí. Ilé-iṣẹ́ wa rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ọ̀bẹ gíláàsì gé SBS fẹ́lẹ́, gígé tó jẹ́ pé kò tó 100 nanomítà ní nínípọn, ó léfòó lórí omi bí èèpo orí wàrà. Wọ́n fi èéfín osmium kùn ún. Bútádáyìn mu ún, ó dúdú. Sítáírìn kò mu ún, ó funfun. Lábẹ́ maikirosíkóòpù onímànàmáná, mo rí àwọn tótó funfun lórí ilẹ̀ dúdú, wọ́n tò bí ojú afárá oyin, tótó kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé etí àwòrán. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n. Wọ́n tò fúnra wọn nígbà tí ike ń tutù! Òpó ni tótó kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ la rí. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi 70,000 nanomítà. Àwọn òpó náà kò ju nǹkan bíi 30 nanomítà síra wọn lọ. Òpó tó lé ní 2,300 lè tò sórí ìbú irun kan.

Ní 1970, Andrew Keller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol ti ta ìtànṣán X sí ọ̀pá SBS tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì jáde, àmì tó sì yọ jọ ti kírísítà kan ṣoṣo tó pé. Àbúrò mi tó wà ní Àkúrẹ́, gbọ́ èyí náà: nínú iyọ̀, átọ́ọ̀mù ló tò. Níbí, òpó odindi ló tò, inú òpó kọ̀ọ̀kan sì tún rí rúdurùdu bíi gíláàsì yòókù. Ètò wà níta, kò sí nínú.

Bí ìwọ̀n sítáírìn bá yí, ìtò náà á yí. Bí sítáírìn bá kéré, tó wà nísàlẹ̀ bíi ìpín 20 nínú 100, bọ́ọ̀lù kéékèèké ló ń jẹ́. Bó bá tó 30, òpó ni. Bó bá ń sún mọ́ ìdajì, ìpele-ìpele ni, bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Láàárín òpó àti ìpele, ibi tóóró kan wà tí ìtò kan tí wọ́n ń pè ní gyroid ti ń yọ, nínú èyí tí àwọn méjèèjì ń lọ́ mọ́ra bí gbòǹgbò igi méjì tí wọn kò fara kanra. 1994 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú irú àwọn kòpólímà yìí. Ooru náà ń yí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń kiná mọ́ wọn, òpó á já sí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì túká níkẹyìn, sítáírìn àti bútádáyìn á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ní 1980, Ludwik Leibler ṣírò ibi tí ìtúká yìí wà: ẹ mú bí wọ́n ṣe kórìíra ara wọn tó, ẹ fi gígùn ẹ̀wọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, fún ẹ̀wọ̀n alápá méjì tó dọ́gba, bí èsì bá ju 10.5 lọ, wọ́n á yà.

Èwo ló kàn yín níbẹ̀? Àwọn òpó yìí máa ń nà sí ibi tí ike ṣàn gbà nínú mọ́ọ̀dù. Ẹ gé ọ̀já méjì lára sóólù kan, ọ̀kan ní gígùn, ọ̀kan ní ìbú, kí ẹ fà wọ́n. Wọn kì í le bákan náà. Bí sítáírìn bá sì pọ̀ nínú sóólù náà, fífà àkọ́kọ́ á le, ìkejì á rọ̀, torí ẹ ti fọ́ àwọn kókó kan. Ẹ sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, kí ó sinmi, ẹ tún un fà. Líle rẹ̀ á ti padà dé. Mo ti fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ariwo ni wọ́n pa. Ní ti lílọ̀ àti títún dà, ó ní òpin o: bútádáyìn ń bá afẹ́fẹ́ jà nígbàkúùgbà tí iná bá kàn án, á sì máa gan. Ẹ má gba sóólù tó jẹ́ àlọ̀túnlọ̀ pátá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ẹ tó san owó. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ níbi ìtẹ̀, ẹ dá a padà.

Ti sóólù tó ń ṣí nínú mọ́tò, ẹ̀bi kì í ṣe ti sóólù nìkan. Púpọ̀ nínú gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeye tí ẹ ń lò, polychloroprene ni, gọ́ọ̀mù yìí sì ní kírísítà tòótọ́. Bí omi inú rẹ̀ bá gbẹ tán, àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń tò, ìtò yẹn ló ń fún un lágbára. Láàárín 40 sí 60°C, kírísítà rẹ̀ ń yọ́. Inú mọ́tò tí wọ́n pa fèrèsé rẹ̀ nínú oòrùn Èkó ń dé ibẹ̀. Ẹ fi yanrìn bébà ha ojú SBS, ẹ fi oògùn aṣáájú (primer) tí wọ́n ń tà fún TPR, orúkọ ọjà irú sóólù yìí, pa á kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù, kí ẹ béèrè ohun amú-gọ́ọ̀mù-le tí à ń pò mọ́ ọn. Kí bàtà sì sun oru kan ó kéré tán kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà, kí kírísítà gọ́ọ̀mù lè tò.

Fọkanáísà, Ọ̀rẹ̀:

Mà, àwọn awakọ̀ tírélà ní rọ́bà igi ló pọ̀ nínú táyà wọn, pé ti mọ́tò kéékèèké ni kẹ́míkà. Ṣé òótọ́ ni? Èé ṣe?

Òótọ́ ni. Rọ́bà oníkẹ́míkà yẹn, SBR, sítáírìn àti bútádáyìn náà ni, àmọ́ wọ́n da wọ́n pọ̀ láìlétò lórí ẹ̀wọ̀n, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ sítáírìn. Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1929. Nítorí àìlétò yẹn, kò ní kírísítà rí, ẹ báà fà á títí. Ó dára fún ojú táyà mọ́tò kékeré, ó ń pẹ́ kó tó jẹ. Rọ́bà igi, irú èyí tí wọ́n ń kọ lóko ní agbègbè yín, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tọ́ bákan náà láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá fà á gan-an, á tò di kírísítà ní ibi tí ìfà náà ti le jù. Níbi tí táyà bá fẹ́ ya, ibẹ̀ ni ìfà ti le jù. Kírísítà á dì síbẹ̀, á dí ọ̀nà mọ́ ìyà náà. Ẹrù tírélà nílò ìyẹn, pàápàá nítorí pé rọ́bà igi kì í gbóná bí SBR bó bá ń yí.

Ẹ mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Ẹ fà á lójijì kí ẹ fi kan ètè: á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ mú un ní fífà kí ó tutù díẹ̀, ẹ wá dẹ̀ ẹ́ lójijì, kí ẹ tún fi kan ètè. Ìtutù tí ẹ máa gbọ́ yẹn, kírísítà tó ń túká wà lára ohun tó fà á.